Imú Ọkọ̀ àbí Ìdí Ọkọ̀

Ọkùnrin méjì tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ló jọ ra ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkọ mi. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Jọ́gíráfì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò wa ní Ìgàndó fi ń pè é ní Ọ̀gá Tíṣà. Ẹnì kejì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alàájì, tó ń gbé ní Báruwà, tí òun náà ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Èkìtì ni àwọn méjèèjì. Níbi tí wọ́n bí wọn sí, òkè lèèyàn máa ń rí tó bá jí láàárọ̀. Omi tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni èyí tí ìyá wọn pọn sínú àmù. Èmi náà ò mọ nǹkan kan nípa omi, ọmọ Àkókó ni mí. Ṣùgbọ́n èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ̀.

Èrò wọn ni pé títì ti há jù, pé àwọn tó ń lọ sísàlẹ̀ Èkó á máa wá wọkọ̀ létí omi kan tó wà lẹ́yìn Ìkòtún lọ́hùn-ún. Èrò yẹn ò burú. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ló fẹ́ ṣe é.

Ọkọ̀ náà ò tíì fojú kan omi tí iyàn ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò jiyàn lórí iye èrò tí á gbà, wọn ò jiyàn lórí ẹni tí á wà á. Bí yóò ṣe máa gúnlẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Alàájì ní imú ni kó máa fi wọ èbúté, bí ọmọlúàbí ṣe ń wọlé onílé. Ọkọ mi ní rárá, ìdí ni kó máa fi wọlé, kí ojú rẹ̀ ti wà níta, kó lè tètè máa lọ tí èrò bá ti kún. Ọjọ́ tí wọ́n jà á dójú ẹ̀ ní pálọ̀ mi, wọ́n gbé àpótí ìtìsẹ̀ mi sáàrin kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní èbúté nìyẹn. Wọ́n wá mú ẹsẹ̀ kan nínú sálúbàtà mi, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀.

“Ọ̀gá Tíṣà, ẹ wò ó,” Alàájì wí, “ibi ìdí yìí ni ẹ́ńjìnì wà. Tí ẹ bá fi ìdí wọlé, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì tó ń ti ọkọ̀ lọ á máa ha ilẹ̀, á sì máa ká ìdọ̀tí.”

“Alàájì, ẹ ò rí mọ́tò àwọn olówó nínú ọgbà wọn ni? Gbogbo ẹ̀ ló kọjú síta.”

“Mọ́tò ní bíréèkì, Ọ̀gá Tíṣà.”

“Kí ni bíréèkì wá ṣe níbẹ̀ báyìí?”

Mo gbé iyán kalẹ̀ fún wọn. Alàájì ti sálúbàtà mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ọbẹ̀ kí n lè rí i dáadáa. “Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà ẹ dá sí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé bàtà mi kúrò nídìí oúnjẹ,” mo wí. Ìdájọ́ tí mo ṣe nìyẹn.

Látọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń wo fídíò lórí fóònù. Á máa wo òyìnbó tó wọ ṣòkòtò pénpé, tó ń fi ìdí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sínú omi tó mọ́ bíi gíláàsì, omi tí kò sí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Á ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ rí i?” Mo rí i. Ohun tí mo rí ni ọkùnrin tó jókòó sórí àga tìmùtìmù tó ń kọ́ odò wíwẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gba awakọ̀ kan, wọ́n sì dá Sátidé kan láti dán ọkọ̀ náà wò lórí omi. Wọ́n ní kí àwa ìyàwó bá wọn lọ. Alàájà, ìyàwó Alàájì, obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Aṣọ ọmọdé ló ń tà níwájú ilé wọn, ohùn rẹ̀ kì í sókè kódà tí oníbàárà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n fún wa ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, a so ó mọ́yà, a jókòó. Ọkọ̀ lọ, ó yí po, ó ń bọ̀. Ó dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́.

A ti sún mọ́ èbúté nígbà tí Alàájì sọ fún awakọ̀ pé, “Imú ni kó o fi wọlé.”

“Yí i padà,” ọkọ mi wí. “Ìdí ni.”

Awakọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ẹ̀yin ọ̀gá, èwo ni ká ṣe? Omi ti ń gbé wa lọ o.”

“Imú.”

“Ìdí ni mo wí.”

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀, Alàájì jágbe mọ́ ọn. Ó dá a dúró, ọkọ mi jágbe mọ́ ọn. Omi ní tiẹ̀ ò dúró gbọ́ ẹjọ́. Ó gbé ọkọ̀ náà ní ìbú, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá òpó èbúté. Alàájà rò pé a ti dé, ó ti dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí pákó èbúté, ìkejì ṣì wà nínú ọkọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ta padà sẹ́yìn. Ó já sáàrin méjèèjì, omi sì mù ún dé àyà.

Mo fò sórí pákó, mo di okùn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Awakọ̀ bẹ́ sómi, ó ń tì í láti ìsàlẹ̀, èmi ń fà á láti òkè, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé e gorí pákó. Orúnkún rẹ̀ ti bó, ìborùn rẹ̀ ń ro tó-tó-tó, bàtà rẹ̀ kan ti bómi lọ. Kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó ń mí. Mo gbójú sókè kí n lè wo ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Inú ọkọ̀ ló ṣì wà, ó ń nàka sí ọkọ tèmi.

“Ṣé ẹ rí ohun tí mo ń sọ?”

“Ohun tí ẹ̀ ń sọ yẹn gan-an ló fà á, Alàájì.”

Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó rántí béèrè pé ta ló ṣubú.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi lọ kí Alàájà nílé. Orúnkún náà ti wú, ó gbé e sórí ìrọ̀rí, ó ń fa tẹ̀súbáà. Ọkọ mi gbé ọsàn tó rà kalẹ̀, ó kí i kú ewu, ó jókòó. Mo rò pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì.

“Alàájà, Ọlọ́run ló yọ wá,” ó wí. “Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìdí la fi wọlé lánàá ni, ẹ ò ní ṣubú. Ìdí ọkọ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ ò bá gbé lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Ṣebí ìdí yẹn náà lẹ ní kó fi wọlé?” Alàájì dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. “Ìdí yẹn ló sọ ọ́ sómi.”

Alàájà dá tẹ̀súbáà dúró. “Ẹ̀gbẹ́ ni,” ó wí.

“Kí lẹ wí?”

“Ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ fi wọlé. Ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀, ẹ ò rí i. Èmi tí mo wà nínú omi ni mo rí i.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀súbáà rẹ̀.

Ọkọ mi dorí kodò. Mo rò pé ìtìjú ló dé. Ìtìjú kọ́ rárá. Ọkọ mi ń ronú ni. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Alàájì, ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Kí ló dé tí a ò tiẹ̀ ronú kan ẹ̀gbẹ́?”

Mo dìde, mo lọ sí ilé ìdáná Alàájà, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Nígbà tí wọn ò rí ojútùú, wọ́n pín ọkọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Alàájì, imú. Ọ̀sẹ̀ ọkọ mi, ìdí. Èrò tó jókòó níwájú lọ́sẹ̀ yìí kó lè tètè sọ̀ kalẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ló máa sọ̀ kẹ́yìn. Àwọn èrò ṣàròyé títí ó fi sú wọn, wọ́n sì padà sí títì tó há. Ìgbà tó di ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ ọkọ mi, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì ká àpò ìrẹsì tó wà létí omi mọ́ra, ó sì kán. Alàájì wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn láti wá sọ fún wa pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín wọlé. Ọkùnrin tí ìdajì ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́ jẹ́ tiẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo wò ó títí, mo ní kó jókòó.

Awakọ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun ti ríṣẹ́ níbi tí ọ̀gá kan ṣoṣo wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń kó yanrìn. Kò sẹ́ni tó bi àwọn oníyanrìn bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀, àwọn náà ò sì bi ẹnikẹ́ni.

Orúnkún Alàájà ò bọ̀ sípò tán. Tí òjò bá ti ṣú, á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Èmi ni mo máa ń bá a lọ sọ́sibítù, nítorí ọkọ rẹ̀ ní òórùn oògùn máa ń da òun láàmú. Lọ́jọ́ tí a lọ kẹ́yìn, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń retí kí wọ́n pè é, ló bá ní àwọn ọkọ wa ti tún dáwọ́ lé nǹkan mìíràn: adágún ẹja, lẹ́yìnkùlé òun.

“Ọ̀gá Tíṣà ní kó rí roboto. Alàájì ní onígun mẹ́rin ni. Ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ sọ sí i?”

“Mi ò sọ nǹkan kan,” Alàájà wí. “Mo ti gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀. Mo fún un lápá, ó dì í mú, a sì dìde.