Àmù Méjì fún Àkànní Wolé-wolé

Yéè! Àkànní, ọkọ mi, ó dìgbà o! Ó di ojú àlá kí n tó tún rí yín. Ẹ lọ, ẹ fi èmi Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní Bẹyẹrunkà láàárín àwọn tó dalẹ̀ yín. Wọ́n ń sunkún níta báyìí, mo ń gbọ́ wọn.

Ta ni kò mọ ọkọ mi láti Màpó títí dé Kúdẹtì? Látayé òyìnbó títí a fi gba òmìnira, iṣẹ́ wolé-wolé ni ẹ ṣe. Bí wọ́n bá ti rí ṣòkòtò kákí yín lókèèrè, àwọn obìnrin á ti máa da omi àmù nù kí ẹ tó wá bá tanwíjì níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, kí ẹ tó dọ̀bálẹ̀ ni ẹ ti ṣí ìdérí àmù wa wò. Bàbá mi ní, "Ṣé ọmọ lẹ wá fẹ́ ni, àbí omi?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì pa ìdérí náà dé títí ẹ fi wò ó tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn yín.

Gbogbo ilé tí ẹ bá wọ̀ lẹ ti máa ń sọ ọ́ pé, "Omi tí ẹ dà nù, kò tíì lọ o. Ilé ẹlòmíràn ló ń lọ." Aláró sì ni mí. Omi aró mi ń gba gọ́tà lọ sínú odò Kúdẹtì, bẹ́ẹ̀ òfin ti ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ nítorí àwọn tó ń pọn ọ́n mu nísàlẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún mi títí. Mo ní ọkọ mi ṣáà ni, kí ló fẹ́ ṣe? Àṣé ẹ ò fi ṣeré. Ẹ jẹ ẹ̀kọ tí mo gbé fún yín láàárọ̀ tán, ẹ nu ẹnu, ẹ sì na ìwé kóòtù sí mi. Èmi, ìyàwó yín! Wọ́n dá mi lẹ́bi, gbogbo Ọjà'ba fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ tún gbé ṣọ́bìrì, tí ẹ gbẹ́ kòtò omi aró fún mi sẹ́yìnkùlé. Inú bí mi gan-an.

Nígbà tó yá, olówó kan da yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà tó wà nísàlẹ̀ agboolé wa, níbi tí omi òjò ti máa ń dúró sinmi kó tó wọ odò. Ó kọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ awọ màlúù síbẹ̀. Omi awọ náà ń rùn, ó ń ṣàn wọ Kúdẹtì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ wa. Ni baálé àti àwọn àgbà ilé bá rọ́ wá sí pálọ̀ wa. "Bàbá Dúró, ẹ gbà wá o! Ẹ pè é lẹ́jọ́, gbogbo wa la máa jẹ́rìí." Wọ́n fọwọ́ lé Bíbélì yín. Ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ti ní kí ẹ fi olówó náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé lẹ gbà gbọ́, ẹ sì pè é lẹ́jọ́.

Kérésì ló bọ́ sáàárín. Olówó fi ẹran àti pọ̀nmọ́ ránṣẹ́ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n gbé tiwa padà. Tàwọn yòókù, a gbọ́ tó ń ta sánsán lórí iná. Lọ́jọ́ ẹjọ́, baálé wa dìde, ó ní òun ò gbóòórùn kankan, pé omi náà mọ́ lóló. Àwọn tó kù gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan ni mo dìde fún yín. Lọ́yà olówó bi mí pé, "Ìyá, ṣé kóòtù ò ti dá yín lẹ́bi rí lórí omi ìdọ̀tí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ta ló mú yín wá nígbà náà?" Mo ní, "Ọkọ mi ni." Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì da ẹ̀rí mi nù bí omi aró.

Olówó jàre, ọ̀gá yín sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Nígbà tí òjò ńlá dé, tí omi kò rí àbàtà dúró sí mọ́, yàrá wa ló wọ̀. Ó wọ ti baálé náà. Ibi tí ẹ ti ń gbọ́n omi yẹn jáde ni òtútù ti wọ àyà yín, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tó fi mú yín lọ.

Ọ̀rọ̀ baálé ló wà lójú ewé tó ṣáájú tèmi nínú ìwé ìbánikẹ́dùn yìí. Ó pè yín ní òpó ilé, ó ní òun ò lè gbàgbé yín. N ò ní bá a jà lọ́jọ́ òní. Mo kàn gbé àmù méjì sẹ́nu ọ̀nà wa fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Omi ẹ̀rọ ló wà nínú ọ̀kan. Omi Kúdẹtì ló wà nínú èkejì, nísàlẹ̀ ibi ìfọ-awọ gan-an ni mo ti ní kí wọ́n pọn ọ́n. N ò fi bò fún ẹnikẹ́ni. Kí baálé àti àwọn ẹlẹ́rìí bu èyí tó bá wù wọ́n mu. Ẹni tó bá bu omi ẹ̀rọ nínú wọn, ó ti jẹ́rìí gbè yín nìyẹn.

Ẹ sùn re o, Àkànní, ọkọ mi. Mo jókòó ti àwọn àmù náà.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, aya yín.