Wọ́n Ní Sùlè Ló Jẹ̀bi Iná Tó Pa Á

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ni iná ìgbẹ́ pa Sùlè Àkànní, ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba, lẹ́yìn ìlú Bìní níbí. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣọ́ igbó náà. Ẹ̀ka igi tútù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀. Gbogbo ohun èlò panápaná tí ìjọba ní nínú igbó yẹn nìyẹn, Sùlè fúnra rẹ̀ ló sì gé e.

Àdúgbò kan náà là ń gbé ní Ogida. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan iná. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí koríko ṣì tutù díẹ̀, á kó àwọn àgbẹ̀ jọ, wọn á rọra jó etí igbó, kí iná ńlá má baà rí nǹkan jẹ tó bá yá. Á ní, "Ẹ fún iná ní díẹ̀ nísinsìnyí, kó má baà gba gbogbo rẹ̀ nígbà ọyẹ́." Kò sí àgbẹ̀ tí í ṣáná lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, àfi kí Sùlè kọ́kọ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbọọrọ kan wà tó yí igbó náà ká, tó yẹ kí wọ́n máa ro mọ́ lọ́dọọdún kí iná má lè fò ó. Ọdún mẹ́ta ni katakata ò débẹ̀. Koríko ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Sùlè kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá rẹ̀: ẹ bá wa ro ilẹ̀ yìí, ẹ fún mi ní ẹ̀rọ tí ń fa omi, ẹ fún mi ní bàtà búùtù.

Wọ́n mà dáhùn o! Wọ́n pè é sí ìpàdé lórí iná ìgbẹ́, nínú òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ iná, òtútù ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Wọ́n fún un ní fìlà kan, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé "Gbogbo Wa La Ni Igbó." Nígbà tó délé, ó sọ fún Morọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ pé, "Mo bèèrè bàtà, fìlà ni wọ́n fún mi. Bóyá wọ́n rò pé orí ni mo fi ń rìn."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, iná bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì ilẹ̀ gbọọrọ náà, ó sì gba inú koríko gíga yẹn wọ igbó. Sùlè àti àgbẹ̀ mẹ́rin ń fi ẹ̀ka igi lù ú. Lójijì, atẹ́gùn yí padà. Ìbráhìm, ọ̀kan nínú wọn, ló sọ ìyókù fún mi.

"Ó ní ká sá lọ sódò. Mo ṣubú, èéfín ti bò mí lójú. Ó padà wá fà mí dìde, ó tì mí síwájú, ó ní, 'Má wẹ̀yìn!' Mi ò wẹ̀yìn. Ìgbà tí mo dé odò ni mo tó mọ̀ pé kò sí lẹ́yìn mi."

Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ àwọn ọ̀gá dé. Omi wà nínú rẹ̀ lóòótọ́: omi inú ìgò, tí àwọn ọ̀gá máa mu.

Wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ wádìí, ó sì rí ọ̀daràn mú. Tèmidire, ọmọ olóògbé, ló ka àbọ̀ ìwádìí náà fún ìyá rẹ̀ níṣojú mi.

"Mummy, dem say na Daddy fault. Dem say e no wear boot."

Morọ́láyọ̀ gbójú sókè. "Bàtà wo?"

Èmi náà bèèrè: bàtà wo? Ṣé ẹni tó ní kí ẹ fún òun ní bàtà lẹ tún ń dá lẹ́bi pé kò wọ bàtà? Kí ló dé tí ẹ ò kúkú ní kó sanwó iná náà?

Ọyẹ́ mìíràn ń bọ̀. Ilẹ̀ yẹn ṣì kún fún koríko. Kí katakata wọ ibẹ̀ kí oṣù Bélú tó parí. Kí wọ́n fa àbọ̀ yẹn ya, kí wọ́n kọ òótọ́. Kí ẹni tó gba lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wá sí Ogida, kó jókòó níwájú Morọ́láyọ̀, kó sọ ohun tó fi wọ́n ṣe. Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ ẹni náà. Ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ mi, ó sì fọwọ́ sí i pé òun gbà wọ́n.