Òjìji Mẹ́ta Lára Káàdì Súbérù

Bí ẹ bá rí Wàsílátù lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó rò pé ó ń bá rọ́bà jà ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó ló fi ń ṣe òǹtẹ̀, bíléèdì ló sì fi ń gbẹ́ ẹ. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní dáhùn bí ọba tilẹ̀ ń kí i. Ọmọ Ìkirè ni, yàrá kan ló háyà l'Éjìgbò ti Èkó. Èmi àti ẹ̀ la jọ gba ṣọ́ọ̀bù ní títì Ailegun: èmi ń ránṣọ, òun ń ṣe káàdì ìkíni. Ọdún kẹfà wa rèé, mo ṣì ń bá a jà lórí tàdáwà tó ń ta sára aṣọ oníbàárà mi.

Òjìji èèyàn ló ń gbẹ́. Á ní kí èèyàn kọ ẹ̀gbẹ́ sóun lẹ́nu ọ̀nà, á fi fóònù yà á. Ó ní òjìji ò ní ojú, imú àti àgbọ̀n la fi ń dá a mọ̀. Tó bá gbẹ́ ẹ tán, á kọ́kọ́ fi fóòmù kékeré pa àwọ̀ sára káàdì, yẹ́lò lókè, pupa nísàlẹ̀, bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́, á dúró kó gbẹ. Ìgbà náà ni yóò tẹ òǹtẹ̀ dúdú lé e, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ bá mì, èèyàn a hu ìwo.

Iléyá tó kọjá ni Súbérù kọ́kọ́ wá láti Ire-Akari, òun, Ameenat ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì. Wàsílátù gbẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí rọ́bà kan, ìyá wà láàárín bàbá àtàwọn ọmọ. Ameenat rẹ́rìn-ín títí fọ́tò fi bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ ò rẹ́rìn-ín rárá. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà, mi ò ní purọ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀ jù.

Lọ́jọ́ Ajé kan lóṣù tó kọjá, òun nìkan ló padà wá. Ó ní kí Wàsílátù fi òǹtẹ̀ ọjọ́sí ṣe káàdì àádọ́ta, kó kọ ọ́ sí i pé: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ bá wa kẹ́dùn.”

“Ẹ bo ìyá wọn,” ó ní. “Èmi àtàwọn ọmọ nìkan ni kó jáde. Mo máa wá gbà á ní Jímọ̀.”

Wàsílátù pariwo. “Yéè! Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?”

Súbérù wo ilẹ̀. “Ó ti tó, àǹtí. Ẹ ṣáà bá mi ṣe é.” Ó sì lọ.

Bíbò ò le. Wàsílátù á lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ òjìji tí kò fẹ́, á fi tàdáwà kun òǹtẹ̀, á ṣí sẹ́lótéèpù kúrò kó tó tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ á ṣófo. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, omijé ò jẹ́ kó ríran dáadáa. Àlàfo tó wà láàárín Súbérù àtàwọn ọmọ náà tóbi, ẹ̀rù bà mí láti wò ó.

A kì í gbọ́ òkú ká má lọ kí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a fi ìborùn borí, a tẹ̀lé àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sílẹ̀ n'Íléyá, ó di Ire-Akari. Wàsílátù mú káàdì kan dání kí wọ́n lè wò ó bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ameenat ló ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ìrẹsì ló ń fọ̀, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. “Ha, àǹtí oníkáàdì! Ṣé kò sí o?”

Wàsílátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìkíni òkú ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo fọwọ́ bò ó. Ó ti pẹ́ jù. Ameenat ti mú káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á, ó wá fi ìka kan àlàfo náà.

“Ta ló ní kí ẹ ṣe é?”

“Ọkọ yín ni, lánàá.”

Kò sunkún. “Lọ́la ló ní ká lọ kí ìyá òun n'Ísẹ́yìn,” ó ní. “Èmi àti òun nìkan. Ó ní kí n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò òun.”

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Ọjọ́ náà ló tó wọ̀ mí lára. Ameenat kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, a jọ lọ mú àwọn ọmọ níléèwé. Kó tó di aago méjì, wọ́n ti wà nínú mọ́tò tó ń lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ṣakí. Bàbá náà fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn máa pe ọkọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Súbérù wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa nínú aṣọ funfun.

“Ta ló wá sílé mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Èmi ni,” Wàsílátù dáhùn. Kò purọ́. “Mo wá kí yín kú àráfẹ́rakù ni.”

Súbérù mú káàdì kan, ó wò ó dáadáa, ó fi sápò. “Iṣẹ́ yín dáa, àǹtí. Ṣé ẹ ti gbẹ́ òjìji tiyín rí?”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́. Mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo bú u dé títì. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ameenat ń pè wá láràárọ̀. Òun àtàwọn ọmọ wà láyè, Alihamudulilai. Mo ní kí Wàsílátù jẹ́ ká wá ṣọ́ọ̀bù síbòmíràn. Ó ní, “Ìyá Nimotallahi, ibi yòówù kí n lọ, káàdì kan péré tí mo bá tà, Súbérù máa dá ọwọ́ mi mọ̀ lára rẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, kò tíì gbẹ́ nǹkan kan.