Omi Ìkògòsì Kò Jẹ̀bi

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yin àwọn ọkùnrin ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjerò, àwọn ẹni mímọ́ tí wọn kò kó àrùn lára ènìyàn rí. Bí egbò bá yọ sójú ara wọn, ṣáláńgá ló kó o ràn wọ́n. Bó bá tún yọ, àga ọ̀kadà tí oòrùn pa ni. Àwọn tó kàwé díẹ̀ bí tèmi á ní inú omi gbígbóná Ìkògòsì làwọn ti kó o, nítorí ìgbafẹ́ yẹ ọ̀mọ̀wé ju ṣáláńgá lọ.

Olùkọ́ Ìtàn ni mí ní Arámọkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń wẹ̀, ọwọ́ mi sì kan egbò kan ṣoṣo lójú ara mi. Ó rí roboto, etí rẹ̀ le bíi bọ́tìnnì tí wọ́n rán sábẹ́ awọ, omi fẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ láàárín rẹ̀. Kò dùn mí rárá, ìyẹn ló sì tàn mí jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ní Adó, mo sì bá obìnrin kan sùn níbẹ̀. Oyún ìyàwó mi jẹ́ oṣù mẹ́ta nígbà náà.

Mo tú oògùn kápúsù, mo da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò. Ó ta mí bí ata. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti pò mọ́ omi egbò, ó rí bí ògì tó ti bàjẹ́, ó lẹ̀ mọ́ pátá mi, ó ń rùn. Ara mi ń kó mi nírìíra. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, ìka méjì ni mo fi ń dì í mú, bí ẹni gbé òkú aláǹgbá. Kókó wú sí kọ̀rọ̀ itan mi. Kí oṣù tó parí, egbò náà san fúnra rẹ̀. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní Ọlọ́run mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo ṣe ń kọ̀wé sójú pátákó, mo rí àmì pupa kéékèèké ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ náà, wọn kò sì yún mi. Mo gba ilé ìwòsàn kan ní Ìjerò lọ kí ará Arámọkọ má baà rí mi. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wò mí, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Tísà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ àbúrò mi ní Ìtàn."

Níbi tí a ti ń dúró, igò ìtọ̀ àwọn tó ṣáájú wa tò sójú fèrèsé, eṣinṣin ń rìn lórí wọn. Bàbá àgbẹ̀ kòkó kan jókòó tì mí.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ooru ni, Bàbá."

"Ooru kọ́ ló ṣe èmi o. Ulé obìnrin ni mo lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó lọ sóko. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo dorí kodò.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé egbò ojú ara kì í ṣe oríṣi kan. Àrùn kan máa ń yọ bí ìléròrò wẹ́wẹ́ tó ṣùjọ, tó ń ta. Òmíràn máa ń rọ̀, ó ń ṣọyún, ó sì ń dunni gan-an. Èyí tó le létí tí kò dunni, sífílíìsì ni wọ́n sábà máa ń fura sí. Ṣùgbọ́n ojú lè ṣìnà, ènìyàn sì lè kó méjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba omi ojú egbò bó bá ṣì wà, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀. Egbò tèmi ti lọ, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kù. Mo dúró fún wákàtí méjì. Wọn kò rí kòkòrò éèdì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n padà wá ṣe àyẹ̀wò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí kì í tètè hàn. Sífílíìsì wà níbẹ̀. Egbò ló san, àrùn náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀.

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó lóyún."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ mú un wá lọ́la, Tísà. Àrùn yìí lè pa ọmọ náà sínú."

Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì sí ìdí méjèèjì. Oògùn náà ki bí ẹ̀kọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi jókòó lórí ọ̀kadà títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi bá mi lọ. Àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà. Wọ́n gún un, ó sunkún, kì í sì í ṣe nítorí abẹ́rẹ́. Nígbà tó bímọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ara sọ òtítọ́ fún mi, mo fi ìyẹ̀fun bò ó lójú. Ó tún kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò sú u, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi tí kò kó ẹrù rẹ̀ jáde, bí kò tilẹ̀ tíì dárí jì mí tán. Ẹni tí egbò bá yọ sí lára, kó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó sì mú ẹni tí wọ́n jọ ń sùn dání.

Nígbà tí mo ti Ìjerò dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìyàwó mi ń bẹ iṣu ní ilé ìdáná. Gbogbo òtítọ́ ló wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Màmá Tọ́lá, àyẹ̀wò kan wà tí a ní láti ṣe lọ́la. Mo rò pé inú omi Ìkògòsì tí mo kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ wò ni mo ti kó àrùn kan."

Kò gbé ojú sókè. "Kí ni orúkọ omi náà?"

Mo sọ orúkọ obìnrin Adó náà fún un. Ṣùgbọ́n omi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ, èmi náà.