Ikú Tí A Kọ Sílẹ̀ De Sátidé

Òórùn kẹrosíìnì àti íǹkì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ilé ìtẹ̀wé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ojú tó mọ́ òkùnkùn inú rẹ̀ lára. Kẹrosíìnì la fi ń nu lẹ́tà òjé kí a tó tún un tò. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ìwé ìròyìn wa ń jáde: Sátidé ló ń dé ọwọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ la ń tò ó. Olóòtú wa wá sọ ọ́ di àṣà pé ká máa kọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ìyàwó kò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a ti kọ ọ́ pé ìjọ ń hó yèè. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti gboyè yunifásítì nígbà yẹn, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì dákẹ́. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ yẹn sí ara mi lọ́rùn kí n tó ka ti ẹlòmíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nígbà ọyẹ́, mo kọ gbólóhùn mẹ́rin nípa bàbá kan, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣubú níbi ìpàdé. Mo kọ ọ́ pé wọ́n wà ní ọsibítù, pé dókítà ń tọ́jú wọn. Olóòtú kà á, ó ní, "Arúgbó yìí, ṣé yóò rí Sátidé?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Yunifásítì! Tá a bá kọ ọ́ pé ó ń ṣàìsàn, tó wá kú lọ́la, ta ni yóò ra ìwé wa?"

Mo rò pé àwàdà ni, mo lọ sílé. Lẹ́yìn mi, ó pa àìsàn rẹ́, ó fi ikú sí i. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Ó ní ọmọ wọn kan ṣoṣo ló di orí wọn mú. Ó wá fi orúkọ mi sókè rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́rin nìyẹn, n kò sì tíì dárí ọ̀kan jì í.

Ní Sátidé, ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì. Mo gbójú sókè. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, eruku ọyẹ́ bo ìpéǹpéjú wọn, ìwé wa wà lọ́wọ́ wọn. Àárọ̀ yẹn ni dókítà dá wọn sílẹ̀. Ẹni tó ń to lẹ́tà ti gba ojú fèrèsé jáde.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́..."

"Orúkọ ta nìyí?" Wọ́n fìka kan orúkọ mi. "Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò síbi tí mo lè fa ìlà pupa sí. Dìde, ká lọ bá ọmọ mi."

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni ọmọ náà ń gbé. Nínú takisí, awakọ̀ tó ti ka ìwé wa ò jẹ́ wo ojú Bàbá rárá. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ wọn; ó tutù bí òjé. Èmi tí mo mọ ẹni tó pa irọ́ náà, mo bi ara mi bóyá irọ́ ni lóòótọ́.

Bí àwọn tó wá bá ọmọ Bàbá dárò ṣe rí wa, ni wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Òun náà ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

"Bàámi, ẹ dákun, ẹ padà. N kò sí níbẹ̀ láti di orí yín mú bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ foríjì mí. A máa sin yín dáadáa."

"Èmi nìyí. Bi mí ní ohun tó wù ọ́."

Ó bi wọ́n ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè é lábẹ́lẹ̀, ó bi wọ́n ní ohun tó fọ́ lọ́jọ́ tó wọ iléèwé. Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. "Àkúdàáyà ò ní í gbàgbé ilé ẹ̀."

Mo kígbe pé èmi ni oníròyìn náà, pé irọ́ ni. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín nígbà náà. Tí mo bá kà á, màá ṣílẹ̀kùn."

Olóòtú ní ìwé tó bá ń tọrọ àforíjì kì í tà. Ìlà méjì ló fún mi ní ojú ewé keje, lábẹ́ ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí: "Ìròyìn tí a gbé jáde nípa tíṣà kan kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo gbé e lọ, mo tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ohùn ọmọ náà dáhùn láti inú, "Tíṣà wo? Orúkọ wọn dà?"

Gbogbo Sátidé ni Bàbá ń lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ọmọ wọn tó ń rìn kọjá. Ní Sátidé kẹrin, èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ohùn wọn sì dúró; orí wọn fara ti ògiri, wọn ò mí mọ́. Ó pẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ wọn jáde, ó gbé ọwọ́ lé wọn láyà, ó sì wojú mi.

"Wọ́n ṣì gbóná," ó ní. "Láàyè ni wọ́n ti wà látọjọ́ yìí."

Mo kọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀, mo gbé e fún olóòtú. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ó tì í padà sí mi. "A ti gbé ìyẹn jáde." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ikú tí Bàbá kò kú wà nínú ìwé títí dòní, èyí tí wọ́n kú kò sì sí níbì kankan. Ọjọ́ náà ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ náà ni mo sì mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́: ohun tí a bá kọ ni àwọn èèyàn yóò fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn.