Iyanrìn Inú Agbọ̀n Irú

Òórùn irú ni iyanrìn náà ń rùn. Bí mo bá rántí òwúrọ̀ tí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ mọ́sálásí àdúgbò wa ní Ìkàrẹ́, kì í ṣe ohùn àdúrà ni ó kọ́kọ́ ń padà sí iyè mi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aṣọ funfun àwọn àgbà. Òórùn irú ni, tí ó ń jáde láti inú òkìtì iyanrìn tútù tí oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn lé lórí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà láyé ìgbà náà lè rẹ́rìn-ín. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìjọba òyìnbó kò tíì pẹ́ lórí wa nígbà náà. Ajẹ́lẹ̀ a máa gba ìlú kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ni ògiri gbogbo wa, ilẹ̀ tí àwọn obìnrin ń fi omi ewé pa ni a sì ń sùn lé. Ilẹ̀ lásán ni ó wà lábẹ́ ẹní mọ́sálásí pẹ̀lú. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin a gba inú ẹní jáde, àwọn bàbá wa a sì forí kanlẹ̀ ní mímọ́, kí wọ́n tó gbé e sókè pẹ̀lú ẹrẹ̀ níwájú orí. Èyí ni ó mú kí jàmáà pinnu láti fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ilẹ̀ náà. Láti Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti lọ kó o wá, nínú àgbá onígi rìbìtì-rìbìtì tí àwọn ọkùnrin fi ọ̀pá gbé lé èjìká, tí wọ́n ń sinmi lábẹ́ igi kan dé òmíràn. Wọ́n sì ránṣẹ́ pe bíríkìlà kan, ará Abẹ́òkúta, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń yára ju etí wa lọ.

Iyanrìn ni ó kan àwọn obìnrin. Iṣẹ́ láádá ni, ìyàwó ilé kankan kò sì fẹ́ kí ó kọjá òun. Ìyá mi ni wọ́n ní kí ó yan ibi tí wọn yóò ti bù ú. Ọmọ Ọ̀kà ni ìyá mi, ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ láti orí òkè wá sí Ìkàrẹ́. Irú ni ó ń ṣe tà, ṣùgbọ́n bí ògiri ẹnikẹ́ni bá sán ní agbo ilé wa, òun ni wọ́n máa ń pè kí ó wá fọwọ́ kan amọ̀ tí wọn yóò fi dí i. Ní Ọ̀kà ìgbà náà, àárín àpáta ni àwọn ilé wà, erùpẹ̀ kò pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi erùpẹ̀ kọ́lé láìkọ́kọ́ fún un mọ́wọ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ débi pé omi nìkan ni ó lè ṣí i, wọn a yìn ín.

Ohun tí ìyá mi wá lọ sí odò nìyẹn. Ó kọjá ibi tí iyanrìn ti funfun, ó ní èyí kò lágbára, ó sì kó wa dé abẹ́ bèbè tí odò ti yí, níbi tí iyanrìn ti pọ́n díẹ̀. Ó fún un, ó la ọwọ́, ó fi hàn wá. "Ẹ wò ó bí ó ti dì mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí kò ní tú láéláé." Tìyá-tọmọ ni a jọ rù ú. Igbá kékeré ni tèmi, ṣùgbọ́n níwájú ni mo máa ń rìn, nítorí pé ìyá mi ni ó yan iyanrìn.

Nígbà tí bíríkìlà dé, àwọn àgbà ní kí ó ṣí àgbá kan kí àwọn rí ohun tí àwọn ń gbé láti Ọ̀wọ̀. Ó ṣí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò yàtọ̀ sí eérú. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sídìí òkìtì wa, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un, ó sì la ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n fòò.

"Ta ló ní kí wọ́n kó amọ̀ wá fún mi?"

"Iyanrìn ni," ni àwọn obìnrin wí.

"Amọ̀ ni! Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìkòkò, ẹ lọ pe amọ̀kòkò." Ó fi ọwọ́ nu ara ògiri. Ó ní amọ̀ ni yóò bo ara hóró iyanrìn tí sìmẹ́ǹtì kò fi ní rí i dì mú, gbogbo rẹ̀ yóò sì fọ́ bí àkàrà gbígbẹ. Ó tún ní àgbá tí wọ́n ti ṣí kò lè dúró. Ọ̀rinrin yóò sọ ọ́ di òkúta. Ojú ọ̀run sì ti ń ṣú.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ ìyá mi. Ìyáálé wa, ìyàwó àgbà bàbá mi, ni ó kọ́kọ́ la ẹnu. "Mo wí, ẹ ò gbọ́. Ẹni tí a mú láti orí àpáta, kí ni ó mọ̀ nípa odò? Bí sìmẹ́ǹtì jàmáà bá ṣòfò, kí ó yáa gba ọ̀nà Ọ̀kà lọ bá àwọn òkúta rẹ̀."

Lónìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Nígbà náà, mo gbà á bí ó ṣe sọ ọ́. Láti etí oko bàbá mi ni a ti máa ń rí òkè Ọ̀kà, ó máa ń dúdú bí èéfín. Mo rí ìyá mi lójú inú mi, tí ó ń gba ibẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, èmi kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò jẹ́ kí n tẹ̀ lé e. Mo di ìdí aṣọ rẹ̀ mú, n kò sì jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bíríkìlà ni ìyá mi kọjú sí. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, bí amọ̀ náà bá kúrò nínú rẹ̀, ṣé yóò ṣe é lò?"

"Ta ni yóò yọ amọ̀ kúrò lára iyanrìn? Ìwọ?"

"Èmi tí mo ń fọ èèpo kúrò lára irú lójoojúmọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sílé. Gbogbo igbá àti agbọ̀n irú rẹ̀ ni ó kó jáde, pẹ̀lú ewé tí ó fi tẹ́ wọn nínú. Àwọn ìyàwó ilé wo ara wọn, wọ́n sì tún gbé iyanrìn náà rù padà sí odò. Ó bu omi lé iyanrìn nínú igbá, ó fi ọwọ́ rò ó yíká, omi náà pọ́n bí epo. Ó rọra da omi, ó fi iyanrìn sílẹ̀, ó tún bu òmíràn. Kò gbé igbá kan sílẹ̀ àfi ìgbà tí a bá rí ìdí rẹ̀ kedere láti inú omi. Inú agbọ̀n ni a ń da èyí tí ó mọ́ sí kí ó lè ro. Ìyáálé káwọ́ lẹ́yìn, ó dúró ní bèbè, ó ń ṣọ́ wa. Nígbà tí ó yá, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Ẹ ò mọ igbá dà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń da omi irẹsì nìyẹn?" Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi, ó gba igbá lọ́wọ́ ìyá mi. "Ìyàwó, kúrò níbẹ̀, ìwọ máa bu omi."

"Ẹ ṣé, Ìyáálé mi."

"Má dúpẹ́. Ojú òjò ni mo ń wò."

Òkìtì náà dínkù bí a ti ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rù sì bà mí pé kò ní tó. Nígbà tí ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bíríkìlà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un. Mi ò mí. Ó la ọwọ́, iyanrìn náà sì dà sílẹ̀ wọ̀rọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó gbé e sí imú, ó fajú ro.

"Kí ló dé tí mọ́sálásí yín ń rùn bí ọbẹ̀?"

Ẹ̀rín tí àwọn obìnrin rín lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ohun tí ọ̀rọ̀ náà tó lọ. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì, wọ́n tẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Òjò tí ó ti ń ṣú rọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà ti le tó. Nígbà tí wọ́n ká ewé kúrò, bíríkìlà fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ náà, ó dún ko. Lèmọ́mù bọ́ bàtà, ó rìn ín já, ó sì ní kí Ọlọ́run san án fún àwọn ìyá. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ níbi tí ó wà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín láìdún. Ìyáálé ni ó nawọ́ fà á dìde. Èyí tí ó ṣẹ́kù nínú iyanrìn náà ni wọ́n dà sí iwájú mọ́sálásí àti àgbàlá wa kí ẹsẹ̀ má baà máa gbé ẹrẹ̀ wọlé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣeré títí mo fi dàgbà.

Láìpẹ́ yìí ni mo kọ́ ilé kékeré kan sórí ilẹ̀ àwọn ẹbí ìyá mi ní Ọ̀kà. Nínú ọkọ̀ akóyanrìn ni mo jókòó sí lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tí a gba ọ̀nà tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí nígbà èwe. Òkè náà kò dúdú bí èéfín mọ́. Igi ni ó wà lára rẹ̀, àti ilé, àti aṣọ tí wọ́n sá. Ọmọ tí ó di ìdí aṣọ ìyá rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà kò lè mọ̀ pé òun fúnra òun ni yóò fẹ́ ọ̀nà yìí. Nígbà tí wọ́n da iyanrìn sílẹ̀, mo ya èyí tí a ó dà sí àgbàlá sọ́tọ̀, mo sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ti ilé. Mo fún un. Mi ò mí, àgbà bí èmi, títí mo fi la ọwọ́. Ó mọ́. Mo sì gbé e sí imú, mo ń wá òórùn irú.