Ọ̀rọ̀ Tí Muriel Tapscott Gbé Mì

Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ ní abúlé wa pé Muriel Tapscott gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Irọ́ ni. Kò gbàgbé. Ó gbé e mì ni, ohun méjèèjì kò sì jọra.

Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi Muriel ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n. Bí olówó bá ń jẹun, òun ló ń gbé àwo wọlé. Bí olówó bá ń sunkún, òun ló ń rọra pa ilẹ̀kùn dé. Kò sọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣe eré apanilẹ́rìn-ín nípa ìdílé ọlọ́lá kan tí nǹkan kì í gún fún, wọ́n fún un ní gbólóhùn kan. Yóò gbé ẹja ńlá wọlé, ẹja yóò yọ̀ ṣubú sórí itan àlejò, gbogbo tábìlì yóò fò dìde pẹ̀lú ariwo, Muriel yóò sì wí pé: "Ẹ má bínú, sà, ó rò pé òun ṣì wà nínú odò ni."

Ó ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ivy, tó máa ń pè é ní odi inú tẹlifíṣọ̀n, ti pe àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá sílé rẹ̀ láti wá wo eré náà lọ́jọ́ tó bá jáde.

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé ohùn ṣì wà lọ́fun ẹ ṣá?" ni Ivy bi í.

"Ẹ̀yin ẹ ṣáà ti wá àga tó máa gbà wọ́n."

Ilé ọlọ́lá kan, Sà Aubrey Lyddon, ni wọ́n ti ya eré náà. Kí Sà Aubrey tó gbà wọ́n láyè, ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ni yóò jókòó bí àlejò nídìí tábìlì. Clive, olùdarí eré, gbà láìrò ó jinlẹ̀. Ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n sì rà, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè ya á.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pariwo dáadáa," Clive ń bẹ̀ wọ́n. "Ẹ fò sókè."

"A óò fò," ni Ọ̀gágun Strode dá a lóhùn, arúgbó ológun tí ẹja náà yóò já lé. "Ohun tó ju ẹja lọ ti já lé mi rí."

Muriel gbé ẹja wọlé. Ó tẹ àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ẹja yọ̀, ó já pọ̀ọ́ sórí itan Ọ̀gágun, tòun ti ọbẹ̀ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mira. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ irú àwọn èèyàn wọ̀nyí pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nídìí oúnjẹ onílé, àlejò tó bá fi hàn pé òun rí i ló hùwà ìtìjú. Ohun tó ti mọ́ni lára, ìlérí àárọ̀ kan kò lè bọ́ ọ kúrò.

"Ọ̀dùnkún mi ò ṣe dáadáa lọ́dún yìí," ni Ọ̀gágun ń sọ fún ìyàwó Sà Aubrey.

"Òjò ni," obìnrin náà fèsì. "Òjò ti pọ̀ jù."

Gbólóhùn Muriel ti wà létè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bẹ̀? Kò sẹ́ni tó bínú. Bí ó bá lanu báyìí, ẹ̀rín eré náà yóò kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó mú ṣíbí àti fọ́ọ̀kì, ó tẹ̀ ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bu ẹja láti orí itan Ọ̀gágun fún àlejò kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ibẹ̀ ni àwo máa ń wà.

"O ṣeun," ni ẹni àkọ́kọ́ wí.

"O ṣeun," ni èkejì wí.

"Má gbàgbé ìyàwó mi," ni Ọ̀gágun wí. "Apá ìrù ló fẹ́ràn."

Ẹni tó ń ya eré náà ki apá aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Clive ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, ó wá bá a. "Àǹtí Muriel, mo ti rò pé ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ yín."

"Mi ò gbàgbé. Kò wúlò mọ́ ni."

"A lè gba ohùn yín sílẹ̀ lọ́tọ̀, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ eré náà. Mo ti ṣèlérí fún yín."

Muriel rántí Ivy àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. "Ibo lẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́?"

Clive tún eré náà wò látòkè délẹ̀, kò rí ibì kankan.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú eré tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí mo lè lò fún mi."

Lọ́jọ́ tí eré náà jáde, ilé Ivy kún. Bí ṣíbí ṣe kan itan Ọ̀gágun báyìí, àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, wọn kò sì lè dá a dúró. Ivy ń fi ọwọ́ lu àga, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká wò ó," ó ní. "Àbúrò mi nìyẹn."